Ojú irin kékeré mi dà bí ohun ìṣeré ọmọdé: ẹ bá mi tún ilẹ̀ àti koríko rẹ̀ ṣe

Ọmọ Èbúté
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìkòròdú ni mo wà, apá Èbúté. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń to ojú irin kékeré kan sórí ilẹ̀kùn fílọ́ọ̀ṣì àlòkù. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló fi irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5 ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì kan àti wágọ́nù mẹ́rin. Ìtàn tí mo fi ń ṣe é nìyí: ká ní lẹ́yìn tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n tún ya ẹ̀ka kékeré kan gba Ṣàgámù wá sí etí ọ̀sà níbí, kí wọ́n lè máa kó kòkó àti epo pupa sínú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo wa mọ̀ pé rélùwéè ò dé Ìkòròdú rí. Àlá tèmi nìyẹn, mo sì fi àlá náà sí ọdún 1935.

Ẹ̀ńjìnnì ń sáré dáadáa. Ilẹ̀ ni wàhálà mi. Mo da yanrìn ọ̀sà sáàárín irin, ó ń dán yanranyanran bí ṣúgà. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì koríko, ó dà bí pápá bọ́ọ̀lù. Àbúrò ìyàwó mi wọlé lánàá, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ ra tọ́ì yìí fún?" Ó dùn mí dénú. Fọ́tò rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Alágbẹ̀dẹ Ìgbógbó
A ò ní rẹ́rìn-ín, àbúrò. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí yanrìn, ìwọ̀n wo lo fi ń kọ́ àwọn ilé yẹn? Mo wo fọ́tò rẹ dáadáa: ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ńjìnnì kò ga tó, ilẹ̀kùn ilé ìtajà sì ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ojú irin àtijọ́ tiwa, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Fi 16.5 pín in, á bọ́ sí nǹkan bí 64. Nítorí náà 1:64 ni kí o máa fi wọn ohun gbogbo, ìyẹn ni pé mìlímítà kan dúró fún 64 gidi. Ìwọ̀n yìí náà ni àwọn tó ń ṣe rélùwéè South Africa ní kékeré ń lò, torí ìbú kan náà ni tiwọn àti tiwa. Tó bá jẹ́ tíráàmù Èkó lo fẹ́ ṣe, èyí tó máa ń ti Ìddó gba orí afárá Carter wọ inú Èkó láyé àtijọ́, láti 1902, ìyẹn tóóró jù bẹ́ẹ̀ lọ, mìlímítà 762 ni. Irin ọwọ́ rẹ yìí náà lo máa lò fún un, ṣùgbọ́n 1:48 ni ìwọ̀n rẹ̀ á jẹ́. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 á jẹ́ mìlímítà 27 ní 1:64, á sì di 35 ní 1:48. Ilẹ̀kùn mítà méjì á jẹ́ 31 tàbí 42.

Ojú kì í wọn irin. Ilẹ̀kùn, ènìyàn, koríko àti òkúta ló máa ń wò, kó tó mọ̀ bóyá irin tóóró tàbí irin gbòòrò ni. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá purọ́, kò sí ohun tí ẹ̀ńjìnnì lè ṣe sí i.

Ó kan yanrìn wàyí. Hóró yanrìn tó tó mìlímítà kan, ní 1:64, òkúta tó kún ọwọ́ nìyẹn. Òkúta abẹ́ ojú irin gidi kì í sábà ju mìlímítà 30 sí 60 lọ, nítorí náà hóró tó tó ìdajì mìlímítà sí díẹ̀ dín ní ọ̀kan lò ń wá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fi nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá tún fi asẹ́ tíì jọ èyí tó jábọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú asẹ́ tíì ni tìrẹ. Èyí tó jò lọ, tọ́jú rẹ̀ fún ojú ọ̀nà ẹsẹ̀.

Kí o sì fọ̀ ọ́ o. Omi ọ̀sà wa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ yẹn á sun jáde funfun láàárín oṣù mẹ́ta. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o yan án nínú ìkòkò àlòkù bí ẹni ń yan gààrí. Lẹ́yìn náà, wá òòfà inú ẹ̀rọ agbóhùn tó bàjẹ́, fi ọ̀rá wé e, kí o sì fi ra yanrìn náà káàkiri. Á yà ọ́ lẹ́nu. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tó máa so mọ́ ọ̀rá yẹn, irin ni. Bí o bá fi sílẹ̀, mọ́tò ẹ̀ńjìnnì rẹ tó ní òòfà nínú á fà á mu lọ́jọ́ kan, ẹ̀ńjìnnì á sì kú. Tèmi kú bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tíṣà
Ọ̀rọ̀ Alágbẹ̀dẹ dára, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé yanrìn funfun yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Ẹ̀ka kékeré tó ń kó kòkó ní 1935, ta ló fẹ́ máa fi òkúta fífọ́ kún un lọ́dọọdún? Ilẹ̀ pupa ni kó jẹ́, kí eérú ẹ̀ńjìnnì dà lé e, kí òkúta díẹ̀díẹ̀ yọjú níbi tí òjò ti wọ́ ilẹ̀ lọ.

Ọmọ mi, jáde lọ sí Odógunyàn, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ìpìlẹ̀. Bu ìwọ̀nba kọ́ọ̀bù kan. Gbé e sórí iná títí tí kòkòrò inú rẹ̀ á fi kú, gún un nínú odó kékeré, kí o sì fi ìbọ̀sẹ̀ ọ̀rá àwọn obìnrin jọ̀ ọ́. Àwọ̀ tí o máa rí yẹn, kò sí oníṣẹ́ ọ̀dà tó lè pò ó fún ọ. Kí o mọ̀ pé yóò dúdú sí i lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti mu ún, nítorí náà kọ́kọ́ dán an wò lórí páálí kan. Tó bá pupa jù lójú rẹ, po eérú díẹ̀ mọ́ ọn. Tèmi, mo máa ń jẹ́ kó ṣá díẹ̀, torí ohun tí a bá ń wò láti òkèèrè kì í pupa tó èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ọmọ Èbúté
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tún ilé ìtajà yẹn gé. Mo sì ti po ilẹ̀ pupa mọ́ yanrìn jíjọ̀, òòfà náà sì mú irin tó kún ìdérí ìgò, ẹnu yà mí lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti bà á jẹ́ ní alẹ́ àná. Mo po gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, mo fi ṣíbí dà á sí i. Gbogbo rẹ̀ léfòó, ó sì ṣù jọ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ ò hó. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Káfíńtà Ìjẹ̀dẹ́
Gbogbo wa la ti jẹ ẹ̀bà yẹn. Ohun gbígbẹ kì í gba gọ́ọ̀mù. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ á lé e sẹ́yìn, gọ́ọ̀mù á di bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀.

Kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré to ilẹ̀ rẹ ní gbígbẹ, kí o gbọ̀n ọ́n kúrò lórí igi ìdábùú tó gbé irin àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Má kánjú níbí o, torí bí ó bá ṣe wà ní gbígbẹ ló máa wà títí ayé. Mú ike tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sí irun, fi omi, ọṣẹ ìfọwọ́ olómi kán-ún-kán mẹ́ta àti sípírítì díẹ̀ sí i. Fọ́n ọn sókè, kó máa rọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí ìrì. Bí o bá dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ tààrà, ó máa gbẹ́ kòtò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, po gọ́ọ̀mù ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́ta, fi ọṣẹ díẹ̀ sí òun náà, kí o wá fi síríǹjì kán an lẹ́bàá irin ní kán-ún-kán. Wàá rí i tó ń sáré wọ abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gba ọjọ́ méjì kó tó gbẹ ní àkókò òjò. Èyí tó ṣù, da omi gbígbóná lé e, á rọ̀, kí o fi ọ̀bẹ ha á.

Ibi tí irin ti ń ya sí méjì, má ṣe kán gọ́ọ̀mù síbẹ̀ o. Fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ kán abẹ́ irin tó ń mì yẹn kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn: irin tí wọ́n tà fún ọ, igi ìdábùú rẹ̀ fún mọ́ra wọn jù, ojú irin ńlá ti ìlú òyìnbó ni wọ́n wò ṣe é. Bí o bá yí i padà, wàá rí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó so wọ́n pọ̀. Gé e, kí o fà wọ́n jìnnà síra díẹ̀, kí ọ̀kan tàbí méjì sì wọ́ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. O ti lẹ tìrẹ mọ́lẹ̀ ná, jẹ́ kó wà títí di ìgbà tí o bá tún fẹ́ ṣe òmíràn.

Kò-Sí-Iná
Èmi fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ tèmi kí n má bàa ra gọ́ọ̀mù. Aáyán jẹ gbogbo òkè náà lọ́sẹ̀ méjì. Pákó nìkan ló ṣẹ́kù.

Ọ̀rẹ́ Wa Àgbádárìgì
Kò-Sí-Iná, o pa mí lẹ́rìn-ín 😂

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí koríko. Ọmọ Èbúté, ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí. Níbi tiwa ní Àgbádárìgì, èèpo onírun ara àgbọn ni mo ti ń mú koríko gíga. Fa okùn rẹ̀ yọ, fọ̀ ọ́, kí o dì í ní ìdì tó sanra tó igi ìṣáná. Fi gọ́ọ̀mù sí ìdí rẹ̀, gé e ní mìlímítà 20. Ní ìwọ̀n tìrẹ, koríko tó ga ní 20 kò ga ju ènìyàn lọ, àyà àgbàlagbà ló dé. Èèsún gidi máa ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó 40 tàbí 50. Fi abẹ́rẹ́ lu ihò, rì í bọ̀ ọ́, kí o sì fi ọwọ́ ya orí rẹ̀. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ náà dára, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju okùn àgbọn lọ, òun ni mo máa ń fi ṣe èyí tó ti gbẹ ní ọyẹ́.

Fún koríko kékeré, mo lo rákẹ́ẹ̀tì tí a fi ń pa ẹ̀fọn. Mo tú u, mo so wáyà kan mọ́ asẹ́ tíì onírin, mo so èkejì mọ́ ìṣó tí mo kàn sínú gọ́ọ̀mù tútù lórí pákó. Bí o bá da òwú koríko tí wọ́n ń tà, ìyẹn fọ́nrán kéékèèké aláwọ̀ koríko, sínú asẹ́, tí o tẹ bọ́tìnnì, tí o ń mi asẹ́ lókè gọ́ọ̀mù náà, koríko á máa fò bọ́ sílẹ̀ lóòró, á dúró ṣánṣán. Iná yẹn ló ń gbé e dúró. Má fọwọ́ kan asẹ́ àti ìṣó pọ̀ o, á gbé ọ. Mo dán irun àtaṣímẹ́ǹtì gígé wò nítorí owó, kò dìde, ṣe ló sùn gbalaja.

Má gbìn ín kárí. Láàárín irin, ìwọ̀nba ṣùkù níhìn-ín lọ́hùn-ún, torí ẹ̀ńjìnnì ń kọjá, epo sì ń kán. Lẹ́yìn fẹ́ńsì, kó pọ̀. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, kó má sí rárá, ẹsẹ̀ ènìyàn ti pa á.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Mo rí i nínú fọ́tò pé o ya omi ọ̀sà ní búlúù. Omi wo ni búlúù ní Èbúté? Tún ọ̀dà rẹ̀ kùn. Àwọ̀ tíì oní-mílíìkì ni kó jẹ́ ní etí, kí o máa fi àwọ̀ ewé dúdú po ó bó ṣe ń jìnnà. Nígbà tó bá gbẹ, fi fáníìṣì dídán kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìgbà mẹ́fà tàbí méje, kí o jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ. Àwọn kan á sọ pé kí o da résìn. Mo dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dà á nípọn ní ọ̀sán gangan, ó gbóná títí ó fi ń rú èéfín, ó sì là láàárín bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá di dandan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kó sì jẹ́ òru.

Ewéko tó ní òdòdó àlùkò tí o kó sórí omi yẹn, kó o kúrò. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní orílẹ̀-èdè yìí, níhà Àgbádárìgì. Kò sí ní 1935 rẹ. Ojú oró ni kí o fi síbẹ̀. Póńṣì ìwé ni mo fi ń lu tèmi, láti ara ìwé tíṣù tí mo ti kùn.

Kò-Sí-Iná
Ta ló máa mọ̀? Èmi ò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Àwa tí ó ń dí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ wa lọ́wọ́ mọ̀ ọ́n.

Ìyá Tíṣà
Mo gbè sẹ́yìn Ẹlẹ́ja. Àti pé mo rí ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà lẹ́yìn ilé ìtajà nínú fọ́tò kejì. O fẹ́ jẹ́ kó rí dọ̀tí, mo mọ̀. Dọ̀tí ìgbà náà ni kó wá: garawa kẹrosíìnì tó ti tẹ̀, páànù jíjẹrà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú. Ewé Akíntọ́lá náà, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìgbà tó di gbajúmọ̀, má gbìn ín.

Rẹwáyà Agric
Páànù ni iṣẹ́ tèmi. Ìgbì kan sí ìkejì lára páànù gidi jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 76. Ní 1:64, ìyẹn jẹ́ 1.2. Ẹ wá wo ọlá Ọlọ́run: bóòtù onísípánà 13 tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, eyín ọ̀kan sí èkejì lára rẹ̀ jẹ́ 1.25. Ra èyí tó gùn, tí wọ́n gé eyín sí láti òkè dé ilẹ̀. Gé pépà fàdákà tó máa ń wà lẹ́nu agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, tẹ́ ẹ sórí rọ́bà sílípáàsì àlòkù, kí o sì fi bóòtù náà yí i lórí pẹ̀lú agbára. Páànù á jáde. Ìlà rẹ̀ á yẹ̀ díẹ̀ torí eyín bóòtù kì í dúró gbọnrangandan, nítorí náà má fi rúlà gé e láti etí pépà. Ìlà ìgbì ni kí o bá lọ.

Gé e ní ewé kọ̀ọ̀kan, kí o máa fi ọ̀kan gun èkejì lórí. Páànù tó jẹ́ odidi kan ṣoṣo láti igun dé igun ló ń jẹ́ kí ilé dà bí páálí bisikíìtì. Yí ewé kan sódì, kí èkejì ká létí.

Ìpẹtà: má ra ọ̀dà àwọ̀ ọsàn. Ìpẹtà páànù máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìṣó àti láti ibi tí ewé méjì ti gun ara wọn, á wá máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ gúrò ju ọsàn lọ. Gún bíríkì, fi ìka rọra lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà tí kò tíì gbẹ tán. Má ha ìpẹtà gidi lára irin o, Alágbẹ̀dẹ ti sọ ọ̀rọ̀ òòfà. Lára ojú irin fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí o kùn ní àwọ̀ ilẹ̀ dúdú, kí o wá nu òkè rẹ̀ kó máa dán, ibẹ̀ ni iná ti ń gbà dé ẹ̀ńjìnnì.

Káfíńtà Ìjẹ̀dẹ́
Kí n fi ti pákó kún un, torí ilé pákó tí o kọ́ fún epo pupa yẹn dà bí èyí tí wọ́n kàn lánàá. Ju irin ìfọkòkò tí ó tíńrín sínú fínígà fún ọjọ́ méjì, ìdérí rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ le. Fi tíì dúdú tó ki kun pákó rẹ ná, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi omi fínígà yẹn kùn ún. Lójú rẹ ni yóò ṣe máa di eérú, bí pákó tí òjò ti lù fún ogún ọdún. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ọ̀bẹ wa di dúdú náà ni, oje inú ohun ọ̀gbìn pàdé irin. Ṣe é kí o tó lẹ gọ́ọ̀mù, torí kò ní mu ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn.

Ọmọ Èbúté
Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Ìyàwó mi ti gba asẹ́ tíì rẹ̀ padà, mo ti ra tèmi. Páànù bóòtù 13 yẹn jáde bí idán. Mo kó ohun tó tó ogójì sórí pèpéle: ènìyàn mọ́kànlá, àpò kòkó, àgbá epo, kẹ̀kẹ́, ajá, ewúrẹ́ mẹ́ta. Fọ́tò tuntun nìyí. Síbẹ̀, nǹkan kan ṣì ń dí mi lójú, mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Ìyá Tíṣà
Ilẹ̀ yẹn dára! Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń dí ọ lójú, àwọn ènìyàn rẹ ló ń rìn. Méje nínú mọ́kànlá ló gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọn ò sì ní gbé e sílẹ̀ láéláé. Mú gbogbo ẹni tó ń rìn kúrò. Ẹni tó jókòó, ẹni tó fara ti ògiri, ẹni tó kúnlẹ̀ ń di àpò, àwọn yẹn lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan láìsí ẹni tó máa bi wọ́n léèrè. Mẹ́rin tó. Ewúrẹ́ kan náà tó, kó dùbúlẹ̀ síbi òjìji.

Alágbẹ̀dẹ Ìgbógbó
Kí o sì kó wọn sí igun kan. Igun ibi tí wọ́n ti ń wọn epo ni mo máa mú. Jẹ́ kí ìyókù pèpéle ṣófo, kí eérú àti epo ẹ̀ńjìnnì nìkan wà níbẹ̀.

Ọmọ Èbúté
Mo ti ṣe é. Ó ku mẹ́rin. Àbúrò ìyàwó mi tún wá, kò sọ̀rọ̀ tọ́ì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wo abẹ́ páànù.

Ìyá mi ló wá tú mi fó. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n ta epo pupa ní ọjà Ìkòròdú títí ara fi kọ̀. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n wo obìnrin tó dúró sídìí àgbá epo pẹ̀lú garawa lórí, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Òṣùká rẹ̀ dà?"

Òṣùká gidi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ní fífẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀, mìlímítà 2.3 ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ká aṣọ tó tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ Wa Àgbádárìgì
Òwú ìránṣọ fọ́nrán mẹ́ta ni, lọ́ ọ pọ̀, kí o fi gọ́ọ̀mù pa á. Wé e lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ mọ́ ara abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò. Bó bá gbẹ, yọ ọ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kan sanra ju èkejì lọ. Ẹ bi ìyá léèrè àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi ń ká tiwọn.

Ọmọ Èbúté
Wọ́n ní aró tó ti ṣá ni.